Òkúta Jezero gbọ́dọ̀ délé: èsì mi sí lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde lórí Máàsì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lórí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń rán lọ sí Máàsì, ó ní ibi tó bá ṣáà ti tẹ́jú làwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń sọ ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ sí, wọ́n á ya fọ́tò òkúta, wọ́n á pe oníròyìn jọ, ó parí, ó ní tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni wọ́n ń wá ohun abẹ̀mí, ṣebí ibi tí yìnyín wà ni wọn ì bá forí lé tààrà. Ìbéèrè tó dáa ni, inú mi dùn pé ẹnì kan ń ronú nípa ẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn tó fún ara ẹ̀ yẹn ò tọ̀nà rárá, mi ò sì fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ lójú ìwé yín láìsí ẹni tó fèsì, torí ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ̀rọ máa balẹ̀ sí yìí, mo gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìrìn àjò Máàsì, ibẹ̀ náà sì ni ohun tó ń dùn mí lọ́kàn lọ́wọ́ yìí ti wá, ìyẹn òkúta tí rọ́bọ́ọ̀tì kó jọ ní Jezero, kòtò ńlá kan lórí Máàsì, tí kò tíì délé, màá dé orí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bíbalẹ̀ fúnra ẹ̀. Afẹ́fẹ́ Máàsì fẹ́lẹ́ gan-an, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tiwa níbí. Perseverance, rọ́bọ́ọ̀tì tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, rán lọ, tó balẹ̀ ní February 18, 2021, nígbà tó wọ afẹ́fẹ́ yẹn, eré tó ń sá tó 19,500 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 péré ló sì ní láti fi pa gbogbo eré yẹn kó tó kanlẹ̀. Páráṣúùtì ẹ̀ fẹ̀ ju mítà 21 lọ, síbẹ̀ kò tó, wọ́n ṣì ní láti fi ẹ́ńjìnnì tó ń tu iná gbé e dúró lófuurufú, kí wọ́n wá fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó lè darí ẹ̀ láti ayé o. Lọ́jọ́ yẹn ìròyìn tó bá ti ọ̀hún wá ń gba ìṣẹ́jú 11 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà táwọn tó jókòó sí California ń gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ afẹ́fẹ́, ó ti balẹ̀ tán ní tiẹ̀ tàbí kó ti fọ́ yángá. Ẹ̀rọ náà ló ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe.

Torí náà ilẹ̀ tó bá ga jù, ẹ yọ ọ́ kúrò, afẹ́fẹ́ tí páráṣúùtì máa fi dúró ò tó níbẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti gba èyí tó pọ̀ nínú apá gúúsù Máàsì kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀, òkúta ńlá ò gbọ́dọ̀ pọ̀, ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dagun jù, iyanrìn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí táyà máa rì sí, tó bá sì jẹ́ sólà ni ẹ̀rọ náà ń lò, kò gbọ́dọ̀ jìnnà síbi tí oòrùn ti ń mú dáadáa. Kò tún sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú ibi báyìí gan-an ló máa bọ́ sí, ń ṣe ni wọ́n máa ń fa ìlà roboto kan tó gùn bí ẹyin sórí máàpù, gbogbo inú ìlà yẹn pátá ló sì gbọ́dọ̀ dáa, torí ibikíbi nínú ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà lè já sí. Ìlà ẹ̀rọ Pathfinder lọ́dún 1997 gùn tó 200 kìlómítà. Ti rọ́bọ́ọ̀tì Curiosity ní 2012 ti wálẹ̀ sí 20 kìlómítà ní gígùn àti 7 ní fífẹ̀. Ti Perseverance ò ju 7.7 sí 6.6 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ máàpù kà máa mọ ohun tí mò ń sọ, bí ìlà yẹn ṣe ń kéré sí i ni ibi tí wọ́n lè wọ̀ ń pọ̀ sí i, kòtò tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dábàá lọ́dún 1997 wá di ibi tí wọ́n lè jókòó jiyàn lé lórí.

Ojú wọn ti rí tó kí wọ́n tó mọ gbogbo èyí. Lọ́dún 1976, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kan, Viking 1, dé sàkáání Máàsì ní June, wọ́n sì ti pinnu pé July 4 ló máa balẹ̀, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún, ẹ sì mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lára ìjọba. Àmọ́ nígbà tí kámẹ́rà Viking fúnra ẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti yàn sílẹ̀, wọ́n rí i pé ilẹ̀ náà rí gbágungbàgun ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ kọjá lọ, wọ́n wá ibòmíì, ó di July 20 kó tó balẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chryse Planitia. Mo fẹ́ràn ìpinnu yẹn títí dòní, torí kò rọrùn kí èèyàn fojú di irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí òkúta. Ẹ sì gbọ́ o, lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò yẹn náà, nígbà tí fọ́tò máa dé, òkúta kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 2, tí wọ́n sọ ní Big Joe, kò ju nǹkan bíi mítà 8 lọ síbi tí ẹ̀rọ náà dúró sí. Ká ní orí ẹ̀ ló bọ́ sí ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀ ì bá parí sí. Kámẹ́rà ìgbà yẹn ò lè rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ láti òkè, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀.

Ó di 2006 kí kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní HiRISE tó débẹ̀ lára sátẹ́láìtì Mars Reconnaissance Orbiter, ìyẹn lè rí nǹkan tí ò ju tábìlì lọ lórí ilẹ̀. Òun ló gba ẹ̀rọ míì tó ń jẹ́ Phoenix sílẹ̀, torí ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé Phoenix sí, nígbà tí HiRISE wò ó, òkúta ló kún ibẹ̀, ni wọ́n bá wá ibòmíì. Phoenix yìí gan-an sì ni èsì mi fún òǹkàwé yín, ibi yìnyín ló lọ! May 25, 2008 ló balẹ̀, lápá àríwá lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ irin ẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ báyìí, yìnyín funfun yọ. Àmọ́ sólà ló ń lò, oòrùn ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀, nǹkan bí oṣù márùn-ún ló lò kó tó dákẹ́ bí ìgbà òtútù ṣe ń wọlé. Yàtọ̀ síyẹn, ohun tí wọ́n ń wá jù kì í ṣe ohun tó wà láàyè lónìí, àmì ohun tó lè ti gbé ibẹ̀ ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn ni, nígbà tí odò ń ṣàn lórí Máàsì, irú àmì bẹ́ẹ̀, inú ẹrẹ̀ àtijọ́ tó ti di òkúta ló ti ṣeé ṣe kó pa mọ́ jù. Àdéhùn kan tún wà láàárín àwọn onísáyẹ́ǹsì àgbáyé lábẹ́ COSPAR, àjọ wọn tó ń rí sí ìwádìí òfuurufú, pé ibi tó bá ṣeé ṣe kí omi ṣì máa sun níbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ tí wọn ò bá fọ̀ mọ́ dé góńgó ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, kí kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín láti ayé wa má baà lọ gbilẹ̀ sọ́hùn-ún, ká wá máa pariwo pé a rí ohun abẹ̀mí, kó sì jẹ́ tiwa la gbé lọ. Mo fara mọ́ àdéhùn yẹn tọkàntọkàn.

Èyí tó ń wù mí sọ jù ni ti January 2004. Rọ́bọ́ọ̀tì méjì, Spirit àti Opportunity, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Spirit lọ sí kòtò ràgàjì kan tó ń jẹ́ Gusev, torí ipa odò gbígbẹ kan, Ma'adim Vallis, wọnú ẹ̀ láti gúúsù, ẹni tó bá wo máàpù yẹn ò ní ṣiyèméjì, á ní adágún lèyí, ìsàlẹ̀ adágún là ń lọ yìí. Ó débẹ̀, kò rí ẹrẹ̀ adágún kankan, òkúta tó ti yọ́ jáde látinú iná abẹ́ ilẹ̀ ló bo gbogbo ẹ̀ pátá, ohun yòówù kí omi fi sílẹ̀ ti wà lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi rìn dé àwọn òkè tí wọ́n sọ ní Columbia Hills kó tó rí òkúta tí omi ti fọwọ́ bà dáadáa. Opportunity ní tiẹ̀ lọ sí Meridiani Planum, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa, téèyàn bá wò ó láti òkè kò ní rí ohun tó jọ adágún níbi tó bọ́ sí, ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé ó tẹ́jú, àti pé sátẹ́láìtì Mars Global Surveyor ti rí hematite níbẹ̀, irú èròjà irin kan tó sábà máa ń wà níbi tí omi bá ti ṣiṣẹ́. Kò tíì rìn jìnnà rárá tí ẹ̀rí omi fi yọ sí i lójú, hematite roboto wẹ́wẹ́ ló tú ká sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ fún 90 ọjọ́ Máàsì sì ń ṣiṣẹ́ lọ títí di 2018. Ìrísí ilẹ̀ nìkan lè tan èèyàn jẹ. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń sọ, ohun tó wà nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìrísí ẹ̀ mu kéèyàn tó gbọ́kàn lé e.

Mi ò sọ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ò wúlò o. Ẹ̀rọ InSight tó balẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Elysium Planitia ní November 26, 2018, pẹrẹsẹ ni wọ́n wá fún un lóòótọ́, torí inú lọ́hùn-ún ló fẹ́ tẹ́tí sí, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án, ó sì gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tó lé ní 1,300. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ló ń sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n máa wá.

Tóò, Jezero wá kàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ní 2014 ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ibi tí Perseverance máa lọ, ibi tó lé ní 60 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, odindi ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ìpàdé mẹ́rin tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn onísáyẹ́ǹsì láti ibi púpọ̀, ẹni tó bá ní ibi tó fẹ́ á dìde, á gbé máàpù ẹ̀ jáde, á rojọ́ ẹ̀, àwọn yòókù á sì da ìbéèrè bò ó, wọ́n á fún un ní máàkì. Matt Golombek láti JPL, ilé iṣẹ́ NASA tó ń kọ́ irú rọ́bọ́ọ̀tì yìí, àti John Grant láti Smithsonian, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló ń darí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ìpàdé February 2017, ó ku mẹ́ta, Columbia Hills tí Spirit ti rìn, Northeast Syrtis, àti Jezero.

Kò sí èyí tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Columbia Hills, Spirit ti rí èròjà kan tó ń jẹ́ silica níbẹ̀, irú èyí tí omi gbígbóná máa ń fi sílẹ̀, a sì mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀ torí rọ́bọ́ọ̀tì ti fojú rí i, àmọ́ ṣé owó tó pọ̀ tó báyìí la ó tún fi padà síbi tá a ti dé? Northeast Syrtis, òkúta ibẹ̀ wà lára èyí tó ti pẹ́ jù lórí Máàsì, omi sì ti bá a ṣe pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Jezero wá jẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó 45 kìlómítà, odò kan wọnú ẹ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn, bó ṣe ń wọ adágún ló ń da ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó gbé wá sílẹ̀, ó wá di dẹ́ltà, bíi ti odò Ọya níbi tó ti ń wọ òkun lọ́dọ̀ wa níbí. Lápá ìlà oòrùn ẹ̀, ibi tí omi gbà jáde ṣì wà níbẹ̀ kedere, ìyẹn ló sì mú kó dá mi lójú, torí adágún ò lè tú síta láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kún. Amọ̀ wà níbẹ̀, carbonate, èròjà kan tó sábà máa ń wà níbi tí omi bá ti ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀, sátẹ́láìtì ti rí méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìrísí ilẹ̀ àti ohun inú ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àmọ́ ibi burúkú ni láti balẹ̀ sí! Ògiri dẹ́ltà wà lápá kan, òkúta wà lápá kejì, òkìtì iyanrìn wà láàárín. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wù wọ́n, wọn ò kàn lè débẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé wọ́n ki ojú bọ ẹ̀rọ náà: bó ṣe ń bọ̀ lábẹ́ páráṣúùtì, kámẹ́rà ẹ̀ ń ya ilẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń fi ohun tó rí wé máàpù tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀ látilé, ó mọ ibi tó wà, ó sì yẹra fún ibi tó léwu fúnra ẹ̀. Ní November 19, 2018 ni NASA kéde pé Jezero ni. Ṣé òǹkàwé wa wá rí i báyìí pé ibi tó rọrùn kọ́ ni wọ́n lọ, ibi tí wọ́n rò pé ìdáhùn wà ni wọ́n lọ, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ tó lè gbé wọn débẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀hún ṣì bá wọn lójijì náà o. Ibi tí ẹ̀rọ náà bọ́ sí nínú kòtò yẹn, ọ̀pọ̀ ti ń retí ẹrẹ̀ adágún, òkúta iná ló tún jẹ́, bó ṣe ṣe Spirit. Àmọ́ dẹ́ltà ò jìnnà, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 2 lọ, ó sì rìn débẹ̀. Ní July 2024, ní Neretva Vallis tó jẹ́ ipa odò tó ń gbé omi wọ Jezero nígbà náà, ó bá òkúta kan pàdé tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls, àmì tóótòòtó wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi wé ara àmọ̀tẹ́kùn. Ó lu òkúta náà, ó gba díẹ̀ sínú páìpù. Ní September 10, 2025 ni àbájáde ẹ̀ jáde nínú ìwé Nature, wọ́n ní lórí ilẹ̀ ayé wa, kòkòrò tí ojú ò rí máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí nǹkan míì tí kì í ṣe abẹ̀mí fà á, ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún ò sì lè yanjú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé wọ́n ti rí ohun abẹ̀mí o, wọn ò tíì rí i. Àfi kí òkúta yẹn dé yàrá àyẹ̀wò níbí, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó tóbi ju ilé lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, òkúta tí wọ́n máa gbé wálé ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yan Jezero. Ó wà lára ohun tí wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá dìde nínú ìpàdé yẹn, irú òkúta wo la máa rí gbé bọ̀ níbi tó o ní ká lọ yìí? Páìpù 43 ni Perseverance gbé dání nítorí ẹ̀, ó sì ti to 10 sílẹ̀ síbì kan tí wọ́n ń pè ní Three Forks láàárín December 2022 sí January 2023, ká ní nǹkan ṣe òun fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tó máa lọ kó wọn, wọ́n ò tíì kọ́ ọ tán. Ìgbìmọ̀ kan sọ ní 2023 pé ó lè gba dọ́là bílíọ̀nù 11, NASA fúnra ẹ̀ ní April 2024 sọ pé owó yẹn ti pọ̀ jù àti pé 2040 tí wọ́n ń wò fún un ti jìnnà jù, nígbà tó sì di 2025, White House dábàá nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n fagi lé e. Ẹ wo àwọn èèyàn tó jókòó jiyàn fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n gbé Columbia Hills jù sílẹ̀, tí wọ́n gbé Northeast Syrtis jù sílẹ̀, nítorí òkúta kan, òkúta náà sì wá wà nínú páìpù, tí kò sí ẹni tó ń lọ gbé e. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn dákẹ́ sí.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá, owó Amẹ́ríkà ni. Òótọ́ ni, a ò dá kọ́bọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ wa tó ti di ọmọ onílẹ̀ ní Houston àti ní Maryland, wọ́n ń san owó orí níbẹ̀, wọ́n ń dìbò, wọ́n sì ní aṣojú ní Congress tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ará wa, ẹ kọ ọ́. Ṣáínà náà ń múra ẹ̀rọ tiwọn, Tianwen-3, sílẹ̀ fún nǹkan bí 2028, òkúta làwọn náà fẹ́ lọ gbé, inú mi á sì dùn gan-an tó bá bọ́ sí i, àmọ́ ibòmíì ni wọ́n ń lọ, òkúta alámì yẹn ò ní sí nínú ohun tí wọ́n máa gbé bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, pàápàá ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àwọn fọ́tò HiRISE, gbogbo ayé ló lè wò wọ́n. Látọdún 2010 sì ni Yunifásítì Arizona tó ń bójú tó kámẹ́rà náà ti ṣí ètò kan tó ń jẹ́ HiWish sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí ibi tó bá wù ú lórí Máàsì pé kí wọ́n yà á, wọn ò bi ẹ́ pé dókítà ni ẹ́ àbí akẹ́kọ̀ọ́. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń yan ibi tí ẹ̀rọ máa balẹ̀ sí.

Ọ̀gá Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí. Ilẹ̀ Yúróòpù ń múra láti rán rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Rosalind Franklin lọ sí Máàsì ní 2028, Stevenage ní Britain ni wọ́n ti kọ́ ọ, Oxia Planum ló ń lọ, ilẹ̀ amọ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún, ó sì máa gbẹ́ ilẹ̀ dé mítà 2, kò tíì sí rọ́bọ́ọ̀tì tó gbẹ́ ilẹ̀ Máàsì jìn tó bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ fún wa ní ojú ewé kan, ẹ ya máàpù Oxia Planum síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi mú ibẹ̀ tí wọ́n fi Mawrth Vallis, ibòmíì tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, sílẹ̀. Lójú ewé kan náà, ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà pé òkúta Jezero ṣì wà níbi tó wà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn